Títún Ògiri Òkúta Ẹnu Odò Ṣe: Láti Atakpamé Dé Aného

Òjò tó bá rọ̀ sórí òkè Atakpamé kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Àwọn odò kéékèèké á gbé e wọnú Ogou àti Anié, àwọn méjèèjì á gbé e fún Mono, Mono á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ títí yóò fi di ààlà láàrin Tógò àti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, kó tó já sí òkun nítòsí Grand-Popo. Omi tóóró kan tí wọ́n ń pè ní Gbaga tún so ó pọ̀ mọ́ ọ̀sà Aného. Omi nìkan kọ́ ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Yanrìn wà nínú rẹ̀, èyí tí òjò fọ̀ kúrò lára òkè àti ilẹ̀ wa. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ọ̀rọ̀ àwọn ògiri òkúta tó wà létí òkun Aného kan àwa Ifẹ̀ tí a wà ní Atakpamé, bí ọ̀nà tilẹ̀ jìn tó 160 kìlómítà láti ọ̀dọ̀ wa dé Lomé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí irú ògiri bẹ́ẹ̀ wà fún. Ìgbì tó ń lu etíkun wa, láti gúúsù òkun Àtìláńtíìkì ló ti ń bọ̀. Kì í kọjú sí ilẹ̀ gan-an, ẹ̀gbẹ́ ló ń fi wọlé, bó sì ṣe ń wọlé tó tún ń padà ló ń ti yanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn, láti ìhà Gánà gba ti Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ kọjá lọ sí ìhà Èkó. Àwọn tó ń wọn òkun ṣírò rẹ̀ pé yanrìn tó ń rìn bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó mílíọ̀nù kan kúbíìkì mítà. Bí etíkun kan bá ń rí gbà tó bí ó ṣe ń fúnni, ibi tó wà náà ni yóò wà. Bí ẹnì kan bá dí ọ̀nà lókè, ìsàlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ògiri òkúta tí a nà láti etíkun wọ inú omi máa ń mú díẹ̀ nínú yanrìn tó ń kọjá, kí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ má baà lọ. Lẹ́nu odò, ó tún ní iṣẹ́ mìíràn: òun ló ń sọ fún omi ibi tí yóò gbà, nítorí pé ẹnu odò tí a kò so mọ́ ibì kan máa ń rìn káàkiri. Ẹnu Mono gan-an, tí wọ́n ń pè ní Bouche du Roy, kì í dúró lójú kan lórí yanrìn tó wà láàrin odò àti òkun.

Òkun yìí kò jẹ́ kí a rò pé a mọ̀ ọ́n tán. Èbúté onírin tí àwọn ará Jámánì ṣí ní Lomé ní 1904, ìgbì já a ní 1911, wọ́n sì ní láti tún un ṣe. Ní 1965 ni Gánà parí dáàmù tó dí odò Volta ní Akosombo, yanrìn Volta sì dẹ́kun láti máa dé òkun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 1968 ni èbúté ńlá Lomé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ògiri rẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan nà wọ inú òkun, ó sì dí yanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀-oòrùn. Ilẹ̀ ń pọ̀ sí i lápá ìwọ̀-oòrùn rẹ̀, ilẹ̀ ń tán lápá ìlà-oòrùn. Ní àwọn ibì kan, òkun ń jẹ ju mítà 5 lọ lọ́dún kan, ó sì já ojú ọ̀nà tó lọ láti Lomé sí Aného títí wọ́n fi ní láti gbé e sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni Nangbéto dé ní 1987, dáàmù tí Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ jọ kọ́ lórí Mono nítòsí wa níbí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980 yẹn kan náà ni wọ́n to òkúta sínú òkun ní Kpémé, kí èbúté tí wọ́n ti ń kó fọ́sífééètì má baà lọ, àti ní Aného, kí ìlú náà má baà lọ. Àwọn ògiri wọ̀nyẹn ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n wà. Àmọ́ òkúta tó wà nínú omi iyọ̀, tí ìgbì ń lù lójoojúmọ́, kò lè wà láìsí ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ àtúnṣe sì ti wà lórí wọn láti ìgbà pípẹ́.

Báwo ni ògiri òkúta ṣe ń bàjẹ́? Ẹni tó bá dúró létíkun, orí ògiri ló máa kọ́kọ́ rí: ibì kan ti tẹ̀, òkúta méjì mẹ́ta ti yí kúrò. Ó rọrùn kéèyàn rò pé orí ló bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹsẹ̀ ló ti lọ ṣáájú. Ìgbì tó bá kọ lu ògiri máa ń fi agbára padà sísàlẹ̀, á sì máa wa yanrìn abẹ́ òkúta jáde. Bí kòtò náà bá jìn tó, òkúta ìsàlẹ̀ pátápátá á yọ̀ sínú rẹ̀, èyí tó jókòó lé e á tẹ̀ lé e, títí á fi kan orí. Lẹ́nu odò, ọ̀tá méjì ni ògiri ní. Òkun ń wa ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ìta láti oṣù kẹfà dé oṣù kẹsàn-án, nígbà tí ìgbì le jù. Kí ìyẹn tó rọlẹ̀ tán, odò á ti kún, ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, omi rẹ̀ á sì máa sáré gba ẹ̀gbẹ́ inú kọjá, á máa wa ẹsẹ̀ ìyẹn náà.

Ọ̀nà mìíràn ni pé òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nínú ògiri máa ń gba àárín àwọn ńlá jáde díẹ̀ díẹ̀. Èyí kì í hàn síta kíákíá. Ohun tí yóò kọ́kọ́ hàn ni ihò kékeré nínú yanrìn lẹ́yìn ògiri, tàbí kí omi máa tú sókè láti àárín òkúta bí ìgbì bá ti kọ lù ú. Ṣóńṣó ògiri, ibi tó parí sí nínú omi, ló tún ń jìyà jù, torí pé ìgbì ń yí i ká, kò sì sí òkúta lẹ́yìn tí yóò gba àwọn tó wà níbẹ̀ dúró. Bí òkúta ńlá bá ti kúrò lójú, tí òkúta wẹ́wẹ́ inú ògiri wá hàn síta, ìgbì ọdún kan ṣoṣo lè kó ohun tó kù lọ.

Nítorí náà, àtúnṣe tòótọ́ kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú òkúta. Ó ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú wíwọn. Nígbà tí òkun bá rọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ ọkọ̀ ojú omi, wọ́n á máa lọ lẹ́bàá ògiri náà, wọ́n á máa ju okùn tí wọ́n so irin mọ́ nídìí sísàlẹ̀, tàbí kí wọ́n lo ẹ̀rọ tó ń fi ohùn wọn ìjìnlẹ̀ omi. Wọ́n á kọ ibi tí yanrìn wà sílẹ̀, wọ́n á sì fi wé bó ṣe rí nígbà tí wọ́n kọ́ ògiri náà. Níbi tí ilẹ̀ ti jìn sí i, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ì báà ṣe pé orí ògiri dára níbẹ̀ lójú. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí pé ohun tí mo kà sí àṣìṣe tó burú jù nínú iṣẹ́ yìí ni kí ọkọ̀ típà wá, kó da òkúta sórí ibi tó tẹ̀, kó sì máa lọ. Orí á ga lóòótọ́, wọn á ya fọ́tò. Àmọ́ kòtò ṣì wà nísàlẹ̀, òkúta tuntun á sì tẹ̀ lé ti àtijọ́ wọ inú rẹ̀ kí ọdún tó yí po.

Lẹ́yìn wíwọn ni ọ̀rọ̀ òkúta tó kàn. Etíkun Tógò kò ní òkúta líle tó yẹ fún irú ògiri yìí. Yanrìn àti ilẹ̀ pupa ni, àfi kéèyàn rìn wọ inú ilẹ̀ dáadáa. Ohun gbogbo tí wọ́n bá fẹ́ tò sínú òkun, láti òkè ni ọkọ̀ ti ń gbé e bọ̀. Àwọn afọ́kùúta sì mọ èyí tó dára yàtọ̀. Wọ́n á fi òòlù lu òkúta náà. Bó bá dún gan-an, tí ohùn rẹ̀ mọ́, ó ṣeé lò. Bó bá dún pò, ó ti sán nínú, ìgbì á là á sí méjì. Wọ́n á wo ìrísí rẹ̀ pẹ̀lú: gígùn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po mẹ́ta nípọn rẹ̀ lọ, nítorí òkúta pẹlẹbẹ máa ń yọ̀, ó sì máa ń dá. Òkúta roboto tí odò ti fọ̀ dán kò dára tó èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tí igun rẹ̀ ṣì mú, nítorí igun ló ń di igun mú. Ní ibi iṣẹ́, wọ́n máa ń gbé òkúta díẹ̀ sórí ìwọ̀n, wọ́n á fi ọ̀dà kọ ìwúwo wọn sí wọn lára, wọ́n á sì tò wọ́n síbi tí ẹni tó ń wa katakata ti lè máa wò wọ́n, kí ojú rẹ̀ lè mọ ohun tí tọ́ọ̀nù kan jẹ́ àti ohun tí tọ́ọ̀nù mẹ́ta jẹ́.

Ìwúwo yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò fojú wò dáadáa. Bí ìgbì bá ga ní ìlọ́po méjì, òkúta tí yóò lè dúró níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wúwo ní ìlọ́po mẹ́jọ. Bí òkúta tọ́ọ̀nù kan bá ń dúró níwájú ìgbì mítà 2, mítà 4 ń bèèrè tọ́ọ̀nù 8. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní òun fẹ́ dín owó kù, tó wá fi òkúta tó kéré díẹ̀ rọ́pò èyí tí wọ́n ṣírò, kì í ṣe díẹ̀ ló yọ nínú agbára ògiri náà. Àwọn tó ń ṣe é dáadáa máa ń to ìpele mẹ́ta: òkúta wẹ́wẹ́ àti èyí tó kéré nínú, òkúta àárín tí ìwúwo rẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ìta, lẹ́yìn náà òkúta ńlá ní ìpele méjì lójú. Èyí tó wà lábẹ́ kò gbọ́dọ̀ kéré débi tí yóò lè gba àárín èyí tó wà lókè jáde.

Iṣẹ́ gan-an ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kọkànlá, nígbà tí odò ti fà, tí ìgbì sì ti rọlẹ̀, kó sì tó di oṣù kẹrin ó yẹ kó ti parí. Wọ́n á kọ́kọ́ fi òkúta kékeré tẹ́ ojú ọ̀nà sórí ògiri kí katakata lè gùn ún. Wọ́n á tú ibi tó bàjẹ́ títí wọ́n á fi kan ibi tó ṣì le. Òkúta ńlá tó ti yí sínú omi, wọn kò ní fi í sílẹ̀ níbẹ̀; katakata á fi ìka irin rẹ̀ fà á jáde, nítorí ó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sì ní owó ọkọ̀ tuntun nínú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀ ògiri, wọ́n á tẹ́ aṣọ nípọn tí omi ń gbà kọjá ṣùgbọ́n tí yanrìn kò lè gbà kọjá, tàbí kí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ ṣe iṣẹ́ àsẹ́ náà. Òkúta ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ dáadáa. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa tò ó bọ̀ wá sókè, wọn kì í tò ó láti òkè lọ sí ìsàlẹ̀.

Wíwo bí wọ́n ṣe ń gbé òkúta kan ṣoṣo kalẹ̀ tó láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà á pẹ́. Katakata á di òkúta náà mú, á gbé e dé ojú ihò tó fẹ́ gbà á. Ẹnì kan á dúró níbi tó ti ń rí ohun tí awakọ̀ kò lè rí, á máa fi ọwọ́ júwe fún un. Wọ́n á yí i kí gígùn rẹ̀ kọjú sínú ògiri, kì í ṣe kó sùn gbọọrọ lójú ògiri. Wọ́n á gbé e kalẹ̀, wọ́n á fi irin tẹ̀ ẹ́ lórí. Bó bá mì, wọ́n á gbé e kúrò, wọ́n á yí i padà tàbí kí wọ́n wá òmíràn. Òfin wọn ni pé òkúta kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fara kan mẹ́ta mìíràn, ó kéré tán. Àwọn ìyá wa tó ń dáná lórí ààrò mẹ́ta mọ ìdí rẹ̀: ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ti méjì ni kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Iṣẹ́ yìí kò yá. Alágbàṣe tí wọ́n ń fi iye ọkọ̀ tó já òkúta sílẹ̀ lóòjọ́ san owó fún, kò ní ní sùúrù rẹ̀, ó sì sàn kí wọ́n fi iye mítà tó parí dáadáa san án fún un.

Àwọn kan máa ń fẹ́ da kọnkéré sí àárín òkúta kí ó lè dì pọ̀. Ẹ má ṣe é. Àlàfo inú ògiri òkúta, tó máa ń ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ara rẹ̀ lọ, kì í ṣe àbùkù. Ibẹ̀ ni ìgbì ń wọ̀, tí agbára rẹ̀ ń tú ká. Bí a bá dí i, ìgbì á kọ lu ojú tó le, á fi gbogbo agbára rẹ̀ padà sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ ògiri lá sì jẹ gbèsè náà. Omi tó bá há sẹ́yìn kọnkéré á máa tì í síta pẹ̀lú, nígbà tó bá sì là, odindi abala kan ló máa ṣubú lẹ́ẹ̀kan.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀, ìwé ìṣirò àti katakata tó dára á ti tó. Àmọ́ ògiri tí a tún ṣe dáadáa máa ń mú yanrìn dáadáa, ìyẹn ni pé ó ń gbà á lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀. Àwọn ògiri Aného dáàbò bo Aného, ìjẹun òkun sì ṣí lọ sí ìhà Hillacondji níbi ààlà àti Grand-Popo. Èkó ti rí èyí ṣáájú wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, àwọn Gẹ̀ẹ́sì na ògiri òkúta méjì sínú òkun lẹ́nu ọ̀sà Èkó kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè wọlé. Láti Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin ti ń kó òkúta akọ wá. Ọkọ̀ ń wọlé títí di òní. Yanrìn pọ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, àmọ́ lápá ìlà-oòrùn, Bar Beach pàdánù ju kìlómítà kan lọ, léraléra sì ni ìjọba fa yanrìn kún un, tí òkun sì gbé e lọ. Ní Keta ní Gánà, iṣẹ́ tó parí ní 2004 gba ọ̀nà tó sàn: wọ́n to òkúta, wọ́n sì fa yanrìn kún àárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà yẹn náà ni WACA, ètò ìdáàbòbò etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí ní 2018 fún orílẹ̀-èdè mẹ́fà, gbà ní ààlà Tógò àti Bẹ̀nẹ̀: títún ògiri ṣe pọ̀ mọ́ dída yanrìn tuntun sí etíkun, kí orílẹ̀-èdè méjèèjì sì jọ ṣe é. Mo kà á sí ọgbọ́n gidi, nítorí òkun kò mọ ibi tí ààlà wà.

Níbo ni yanrìn yẹn ì bá ti máa wá lọ́fẹ̀ẹ́? Láti ọ̀dọ̀ wa. Adágún Nangbéto máa ń fẹ̀ tó 180 kìlómítà onígun mẹ́rin bó bá kún, nǹkan bí 10,000 èèyàn ló sì fi ilẹ̀ wọn sílẹ̀ fún un. Omi tó bá wọ inú rẹ̀ á dákẹ́, yanrìn tó gbé bọ̀ á sì rì sísàlẹ̀. Èyí tó ń jáde lẹ́nu dáàmù fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní yanrìn nínú mọ́. Mi ò sọ pé kí wọ́n má ti kọ́ ọ. Mẹ́gáwáàtì 65 tó ń ti ibẹ̀ jáde wúlò fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé òkúta Aného ń san lára owó iná yẹn, ó sì yẹ kí ìṣirò owó àtúnṣe ka ìyẹn mọ́ ọn. Nígbà tí ìjọba Tógò fòfin de wíwa yanrìn etíkun ní 2011, ilé kíkọ́ kò dáwọ́ dúró. Àwọn awayanrìn yíjú sí odò àti ilẹ̀. Ìwọ̀nba yanrìn tí Mono ṣì lè rí kó nísàlẹ̀ dáàmù, bí ọkọ̀ típà bá kó o tán, kí ni yóò dé ẹnu odò?

Ẹ̀yin aláṣẹ ìlú létíkun, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ òkúta wá, ẹ béèrè ìwé wíwọn ẹsẹ̀ ògiri kí ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó já ẹrù, kí ẹ sì béèrè iye yanrìn tó bá a wá. Ẹ ya owó sọ́tọ̀ fún yíyẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún ní oṣù kọkànlá, nígbà tí ìgbì àti ẹ̀kún odò bá ti kọjá, nítorí òkúta mẹ́wàá tí a dá padà sáyè lọ́dún yìí lè gbà wá lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún lọ́dún mẹ́ta sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́bàá ògiri, ẹ má ṣe yọ òkúta rẹ̀ lọ fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Àwa tí a wà lókè níbí náà, ní Atakpamé, ní Anié, lẹ́bàá Ogou, ẹ jẹ́ kí a bá àwọn tó ń wa yanrìn odò wa jókòó, kí a fi ààlà sí ibi tí wọ́n lè wà á àti ìgbà tí wọ́n lè wà á.